Ẹ̀gbà, Ọpọlọ àti Ojúṣe Àwa Awo



   

Nígbà tí àwọn tí ó pe ìpàdé yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n fọkàn sí ni pé n ó sọ̀rọ̀ lórí èdè inú ẹsẹ Ifá, nítorí pé ìmọ̀ èdè ni mo ń kọ́ni ní yunifásítì. N ó sọ̀rọ̀ lórí èdè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n ó mú. Ọ̀rọ̀ náà ni Ẹ̀gbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú mi mú un, nítorí ọ̀ràn náà kàn mí, mo sì jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní ìdájí, wọ́n gbé Bàbá tí ó kọ́ mi ní Ifá wá sí ilé mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó wa ọkọ̀. Ó ní Bàbá jí ní aago márùn-ún, ara rẹ̀ le, ó dìde kí ó lọ kí Ifá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́. Ó ń wò mí, ó dá mi mọ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Aago mẹ́fà kò tíì lù nígbà náà. Ilé-ìwòsàn ńlá kan wà tí ọkọ̀ kò ní rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ó tó débẹ̀ láti ilé mi.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni mo gbé. Ifá fọhùn, ó ní kí a rúbọ. Mo rán ènìyàn lọ ra ohun ẹbọ. Ọjà kò tíì ná, wọ́n sì dúró dè é. Bí a ti ń dúró, a fi àdí pa apá àti ẹsẹ̀ Bàbá, a sì bu àgbo sí i lẹ́nu. Ó há a lọ́fun, ó ń wúkọ́, mo tún bu òmíràn. Nígbà tí a fi parí ohun gbogbo tí a sì dé ilé-ìwòsàn, aago mọ́kànlá ti lù. Dókítà ọ̀dọ́ kan bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó ni ó bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan mọ́.

Bàbá kò kú. Ó ń fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè ké ẹsẹ Ifá láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ láìtún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, kò lè béèrè omi mu mọ́.

N kò wá síhìn-ín láti sọ pé Ifá purọ́. Ifá ní kí a rúbọ. Kò ní kí a dúró sílé títí ọjà yóò fi ná. Èmi ni mo to iṣẹ́ náà sódì. Ẹbọ ìbá lè dúró de ìrọ̀lẹ́. Ọpọlọ Bàbá ni kò lè dúró. N kò sì mọ èyí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí a fún àìsàn yìí. Rọpárọsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é lónìí. Rọ ni ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, òun náà ni ó wà nínú arọ. A rọ apá, a rọ ẹsẹ̀, a sì pa fáwẹ̀lì jẹ níbi tí ọ̀rọ̀ ti pàdé ọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ni rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, àrùn tí ó máa ń ba àwọn ọmọdé jà. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, inú mi a sì máa dùn sí bí wọ́n ṣe rí. N kò bi ara mi léèrè rí pé ibo ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Apá àti ẹsẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ ni èéfín ti ń rú; inú orí ni iná ti ń jó. Ìdí nìyí tí àdí fi ń tán nínú ìgò lára apá tí kò ní àrùn kankan.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí náà rèé. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ lọ fún ọpọlọ, ọpọlọ kò sì ní àká tí ó ń kó tirẹ̀ pamọ́ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan kan, ibi tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní ọdún 2006, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Saver, ṣe ìṣirò iye ohun abẹ̀mí inú ọpọlọ tí ó ń kú bí iṣan ńlá kan bá dí tí a kò sì ṣí i: mílíọ̀nù 1.9 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wákàtí márùn-ún ni Bàbá lò nílé mi. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí apá ọ̀tún ara, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì rèé, apá òsì yìí kan náà ni èdè ń gbé. Nítorí náà ni ohùn Bàbá fi bá apá ọ̀tún rẹ̀ lọ.

Àwa awo ní orúkọ tí ó ti wà ṣáájú rọpárọsẹ̀. Ẹ̀gbà ni. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i bí ẹ bá ń kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá di aláìsàn.) Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Ifá mọ̀ pé àwọn olórí ajogun mẹ́jọ ni Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ẹ wò ó pé àwọn baba wa ya Ẹ̀gbà sọ́tọ̀ kúrò lára Àrùn. Ohun tí wọ́n rí jinlẹ̀: Àrùn a máa wá díẹ̀díẹ̀, ara a gbóná, orí a fọ́, ti Ẹ̀gbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá ènìyàn lójijì, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora, ó sì pa ara láàbọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ to orúkọ mẹ́jọ yìí ti wo aláìsàn dáadáa.

Ṣùgbọ́n láti inú ìyàsọ́tọ̀ yìí ni àwọn kan lára wa ti fa ìtumọ̀ kan yọ tí ó ń pa wá. Wọ́n ní níwọ̀n bí Ẹ̀gbà kì í ti í ṣe Àrùn, kì í ṣe ohun tí a ń gbé lọ sí ilé-ìwòsàn. Pé wọ́n ta ẹni náà lọ́fà ni, pé bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, yóò kú. Èmi náà gba èyí gbọ́ ní ìdajì ọkàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kì bá tí jókòó ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo wá ń bi yín léèrè. Ẹ̀wọ̀n wà nínú àwọn ajogun. Bí ọlọ́pàá bá ti ọmọ wa mọ́lé, ṣé a kì í wá lọ́yà? Òfò wà nínú wọn. Bí ṣọ́ọ̀bù wa bá ń jóná lọ́wọ́, ta ni nínú wa tí yóò kọ́kọ́ dífá kí ó tó pe panápaná? A máa ń pa iná, a máa ń gba béèlì, lẹ́yìn náà ni a óò wá bi Ifá léèrè ohun tí ó fà á àti ohun tí a óò ṣe tí kò fi ní padà wá. Ẹ̀gbà nìkan ni a ń dá dúró sílé.

Ìwádìí tí ó sọ Ẹ̀gbà di ọ̀rọ̀ wákàtí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1995. Aláìsàn 624 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí ó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n fún àwọn yòókù ní omi abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, aláìsàn kò mọ èyí tí ó gbà, dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wáyé láàárín wákàtí mẹ́ta tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ní apá kejì ìwádìí náà, nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, 39 nínú 100 àwọn tí ó gba oògùn ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ àbùkù tàbí tí èyí tí ó kù lára wọn kò tó nǹkan. Nínú àwọn tí kò gbà á, 26 nínú 100 ni. Ní ọdún 2008, ìwádìí mìíràn ní Yúróòpù fi hàn pé àǹfààní náà ṣì wà títí di wákàtí mẹ́rin àbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dínkù bí aago ti ń lọ.

N kò ní fi ìkà tí ó wà nínú oògùn yìí pamọ́ fún yín. Nínú ìwádìí ọdún 1995 yẹn, ó lé ní 6 nínú 100 àwọn tí ó gbà á tí ẹ̀jẹ̀ ya sí ọpọlọ wọn tí ara wọn sì burú sí i. Láàárín àwọn tí kò gbà á, kò tó 1 nínú 100. Ìdí nìyí tí ilé-ìwòsàn fi gbọ́dọ̀ ya àwòrán inú orí kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Níbi tí èmi onímọ̀ èdè ti gbọ́ èyí, mo kan sáárá. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì! Ẹ̀gbà kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ dí. Ẹ̀gbà mìíràn wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n: ẹnu wọ́, apá kú, ọ̀rọ̀ dúró. Ohun tí ó ń wo ọ̀kan sàn lè pa èkejì. Kò sí ojú awo tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì sí ojú dókítà náà tí ó lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ.

Ẹ óò sọ fún mi pé oògùn náà wọ́n, pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wa kò ní in, pé owó ẹ̀rọ ayàwòrán nìkan tó láti ta ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ó yẹ kí a máa pariwo rẹ̀ sí etí ìjọba bí a ti ń pariwo pé kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kì í ṣe oògùn yẹn nìkan. Wọ́n máa ń dán ọ̀fun aláìsàn wò kí ohunkóhun tó gba ẹnu rẹ̀ kọjá, nítorí pé ọ̀fun tí Ẹ̀gbà mú kò mọ ọ̀nà. Ohun mímu a gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró a sì pa ẹni tí Ẹ̀gbà kò pa. Ẹ rántí àgbo tí mo bu sí Bàbá lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ kí a wá kúrò lórí ìwádìí òkèèrè báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ara òyìnbó ni wọ́n ti rí i, tiwa yàtọ̀. Ní Ìbàdàn, láti ọdún 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ orúkọ àwọn tí Ẹ̀gbà mú ní ìlú náà sílẹ̀, kí a lè mọ bí ó ti wọ́pọ̀ tó. Èyí tí ó tún tóbi jù ú lọ ni ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bruce Ovbiagele tí ó wà ní Amẹ́ríkà jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2014 títí di oṣù kẹfà ọdún 2017, ní ibùdó 15 ní Nàìjíríà àti Ghana, wọ́n kó 2,118 ènìyàn tí Ẹ̀gbà mú jọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n wá ẹnì kan tí Ẹ̀gbà kò mú, tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ẹ̀yà wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n wá ń béèrè pé kí ni ó wà lọ́dọ̀ ẹni yìí tí kò sí lọ́dọ̀ ẹni yẹn?

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń to ìtàn rẹ̀: a dífá fún ẹnì kan, a ní kí ó rúbọ, ẹnì kan gbọ́, ó rú, ẹlòmíràn gbọ́, kò rú, a sì sọ ohun tí ó gbẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ìfiwéra ni. Ibi tí àwa ti kùnà ni pé a kò tẹ̀síwájú nínú kíkà náà. Ta ni nínú wa tí ó ní ìwé tí ó kọ iye àwọn tí a gbé wá nítorí Ẹ̀gbà sí, iye tí ó dìde rìn, iye tí ó kú kí ọdún tó yí? Àwọn tí ó sàn ni a ń rántí, nítorí pé wọ́n ń padà wá dúpẹ́. Bí ewé kan bá wà lọ́wọ́ wa tí ó ń ran ẹni tí Ẹ̀gbà mú lọ́wọ́, mo fẹ́ kí ó jẹ́ àwa ni a óò kọ́kọ́ kà á, kí a ka àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún pẹ̀lú.

Ohun tí SIREN rí ni wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ohun mọ́kànlá tí a lè yí padà ni ó ń bá Ẹ̀gbà rìn, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni ọba wọn. Ní ìṣirò wọn, bí ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá sí rárá, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá Ẹ̀gbà tí ó ń mú àwọn ènìyàn wa ni ìbá má ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ déédéé, ikùn ńlá, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ewé ẹ̀fọ́ tó, ìdààmú ọkàn, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti gbé ka iwájú, àìsàn ọkàn, àìṣe eré ìdárayá àti sìgá. Bí mo ti ka èyí, ẹ̀fọ́ ni ó dá mi dúró. Àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tútù tó súnmọ́ Ẹ̀gbà ju àwọn tí ń jẹ ẹ́ lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po méjì. Àwa tí a ń sọ káàkiri ayé pé àwa ni a ni ewé, tí a ń kí Ọ̀sanyìn, ẹ wo ohun tí ó wà nínú abọ́ wa ní ọjọ́ ọdún Ifá: ẹran lórí ẹran. Mo mọ̀ pé ìwádìí irú èyí ń fi ohun tí ó ń rìn pọ̀ hàn ni; kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń rìn pọ̀ ni ọ̀kan bí èkejì. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀jẹ̀ ríru ti kúrò ní iyèméjì.

Orúkọ rẹ̀ náà sì tún ń tàn wá. Ohun tí ó ń ru, a máa ń rí i: òkun ń ru, inú ń ru. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ru mọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awo ńlá pé, "Èmi? N kì í bínú, n kò lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Ó lè wà lára ènìyàn fún ogún ọdún láìfọ orí, láìdá òòyì. Ẹ̀rọ nìkan ni ó ń rí i.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ SIREN tí ó dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo iye wọ̀nyí lọ. Kí wọ́n tó lè sọ pé Ẹ̀gbà kò mú ẹnì kan rí, wọ́n ní láti bi í léèrè, ní èdè rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́jọ ni, wọ́n sì túmọ̀ wọn sí Yorùbá, Hausa àti Akan, wọ́n dán ìtúmọ̀ náà wò lára àwọn tí a ti mọ ipò wọn, wọ́n tún fi àwòrán kún un. Ṣé dókítà ti sọ fún un rí pé Ẹ̀gbà mú un, tàbí èyí tí ó ń dé tí ó tún ń lọ kíá? Ṣé apá kan ara rẹ̀ rọ lójijì láìsí ìrora? Ṣé ó kú, tí kò mọ ìfọwọ́kàn? Ṣé ojú rẹ̀ fọ́ lójijì, tàbí ìdajì ohun tí ó ń wò di àwátì? Ṣé ó ṣẹlẹ̀ rí pé kò gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ yé mọ́, tàbí pé òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ tàbí kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀? Ẹ̀yin awo, ẹ mọ àwọn ìbéèrè yìí sórí bí ẹ ti mọ odù. Èyí tí ó ń dé tí ó tún ń lọ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹni tí apá rẹ̀ rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó sì padà bọ̀ sípò máa ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé oníṣẹ́ ni èyí, ọ̀gá rẹ̀ lè wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ní, "Wọ́n tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wa lọ sí òkèèrè." N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà, tí àwọn òbí sì ń sọ pé a kò ṣàlàyé fún àwọn, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn mi ni pé kí a má fọwọ́ sí ohun tí a kò kà, kí a sì bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí a má kọ̀. Láti ọdún 1992, àwọn àgbàlagbà ní Ìdìkàn ní Ìbàdàn ti gba àwọn oníwàádìí láyè láti máa dán ìrántí wọn wò, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2001, àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú 1.35 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Àwọn ìyá àgbà Ìdìkàn ni ó kọ́ ayé ní èyí. Ó tún kọ́ wa pé ìyá tí ń ṣarán ní àrùn lára. Kí a yé fi ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ láìmọ̀ pè é ní àjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn àárọ̀ ọjọ́ yẹn, a gbé e wá sí ọ̀sẹ̀ Ifá. Títí di ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó kù lẹ́nu rẹ̀, "ẹn-ẹ́n" àti "rárá", ó sì máa ń ṣì wọ́n lò. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìyẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kan ègbè, a gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn. Bàbá ni. Ó gbè é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, ohùn òkè wà lókè, ohùn ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ìyẹ̀rẹ̀ dáwọ́ dúró, mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ mu omi?" Ẹnu rẹ̀ tún ti pa.

Àwọn kan sunkún, wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Èmi lọ sí ilé-ìkàwé. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti kíyè sí i pé ẹni tí Ẹ̀gbà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè máa kọrin, lè máa ka oṣù tàbí àdúrà tí ó ti mọ̀ láti kékeré. Ní ọdún 1973, àwọn kan ní Boston gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀ tí ó ń ti orí orin fa ọ̀rọ̀ padà. Ìwádìí lórí agbára rẹ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Ní Gẹ̀ẹ́sì, a lè fi orin kankan gbé ọ̀rọ̀ kankan. Ní Yorùbá, bí mo bá yí ohùn padà, mo ti yí ọ̀rọ̀ padà: igbá kì í ṣe ìgbà. Irú orin wo ni a óò wá fi kọ́ ẹni tí ó ń sọ èdè olóhùn bí tiwa? Ìyẹ̀rẹ̀, ìjálá, ẹkún ìyàwó, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti orin, tí ohùn ọ̀rọ̀ kì í sọnù nínú wọn pátápátá. Ẹni tí ó mọ ìyẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ó mọ ọpọlọ kò tíì jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti yẹ, èmi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn tí ó mọ ọpọlọ. Bí wọ́n bá ṣí i, n ó nílò ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyẹ̀rẹ̀ jù mí lọ, àti ẹ̀yin tí Ẹ̀gbà mú ẹnì kan nílé yín.

Ní ilé mi báyìí, aago ńlá kan wà lórí ògiri, ní òkè ibi tí a ń tẹ́ ẹní sí. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí tí apá rẹ̀ rọ wá, n kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo máa ń béèrè ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá, mo máa ń kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan, mo sì máa ń bá wọn wọ ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún un ní omi, àgbo tàbí oògùn kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá mi ni ó ń jókòó sílé dífá, kí ó sì múra ẹbọ sílẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún mi pé Ifá bínú.

Obìnrin nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun ti bá wa gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sórí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá ń lọ jẹun, ẹ gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀yin àgbààgbà ní kí ẹ ṣáájú. Bí ó bá kọ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kọ ọ́ fún yín, kí ẹ lọ tún un wọ̀n ní ilé-ìwòsàn. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ ní àárọ̀ yìí. 148 lórí 94 ni ó kọ. N ó lọ rí dókítà ní ọjọ́ Ajé.